SSD Tí Ọládiméjì Fi Tọrẹ

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìró náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé tán. Sìlífátù Àbúdù nìkan ló kù nínú yàrá àwọn olùkọ́. Bó ṣe ń to àwọn fọ́tò inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láti ọdún dé ọdún ló gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ta pátákó. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ìró náà dákẹ́. Ó tẹ fọ́tò mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ ojú ẹ̀rọ náà dúró gbagidi, kò lọ, kò bọ̀.

Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ló ń dun Sìlífátù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni. Adigbe ló ń gbé, ṣùgbọ́n ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kó tó jáde láyé wà ní abúlé Olúgbo, lọ́nà Odeda. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àlímátù, padà sí nígbà tó fi òwò àdìrẹ sílẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi dánámáìtì fọ́ òkúta lẹ́yìn abúlé náà. Lójoojúmọ́, bí ó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, wọn á fọn fèrè, ilẹ̀ á mì, eruku á sì bo oko ẹ̀gẹ́. Oṣù kẹfà tí wọ́n dé ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lanu.

Sìlífátù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí wọ́n kéde pé wọ́n ń bọ̀ ló ti ya fọ́tò ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tó wà ní Olúgbo nígbà tí gbogbo ògiri ṣì gún régé. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ló ń lọ. Á gbé rúlà ti ojú ibi tó là, á yà á, á kọ ọjọ́ sí i. Ó ya kànga tó gbẹ. Ó ya fídíò àwọn arúgbó tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí ojú wọn rí. Ní báyìí, ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti gbọ́ ẹjọ́ náà, Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì dá. Gbogbo ẹ̀rí náà kò sí níbòmíràn àfi inú láptọ́ọ̀pù yìí. Láti ọdún èṣí ló ti ń sọ pé òun máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀la ni, ọ̀túnla ni, títí ìró yẹn fi dé.

Ó gba ọ̀dọ̀ Tàófíìkì lọ tààrà. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni Tàófíìkì, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adigbe. Ó gbé etí lé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni tó ń gbọ́ àyà ọmọ, ó sì pa á lójú ẹsẹ̀.

"Tíṣà, háàdì dísíìkì yìí ń kú lọ," ó ní. "Irú àtijọ́ ni. Àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì ń ka ohun tó wà lójú àwo. Abẹ́rẹ́ yẹn ti ń kọsẹ̀. Má tan láptọ́ọ̀pù yìí mọ́ títí n óò fi sọ pé kí o tàn án. Gbogbo ìgbà tí o bá tàn án, o ń gé nínú ọjọ́ ayé rẹ̀."

"Bọ̀dá, kí wá ni ṣíṣe?"

"SSD lo máa rà. Kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo SSD kọ́ ni SSD."

Ó mú méjì jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ kò lórúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó máa gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí láptọ́ọ̀pù Sìlífátù gbà, wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó tó jọni lójú. "Ẹni tó bá ń ta màlúù ní iye ewúrẹ́, kọ́kọ́ bi í pé níbo ló ti rí màlúù. N kì í tà á. Mo fi ń han àwọn èèyàn ni." Ó ní ojúlówó ni ìkejì, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ló ti fi sin ẹlòmíràn. "SSD náà a máa rẹ̀. Ó ní iye ìgbà tí èèyàn lè kọ nǹkan sí i, èyí sì ti ná ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tirẹ̀."

"Èwo wá ni kí n rà?"

"Èyí tó máa dé láti Èkó ní Àlàrùbá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní orúkọ tí kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe onídùúró fún un, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ìkànnì wọn mu. Ọjọ́ méjì péré ni. Mú sùúrù."

Sìlífátù dúpẹ́, ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó jáde. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bó ṣe ń dúró de ọ̀kadà ló kọ ọ́ sórí WhatsApp, sínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé girama: "Ẹ jọ̀ọ́, irú SSD wo ló ṣeé fọkàn tán? Gbogbo fọ́tò Olúgbo wà nínú háàdì dísíìkì tó ń kú lọ, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan."

Bó ti tẹ̀ ẹ́ tán ló rántí pé Ọládiméjì wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ìjókòó kan náà ni òun àti Ọládiméjì jọ pín fún ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ní báyìí, Ọládiméjì ni ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta gbà láti máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ Olúgbo bá ti délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń wà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bú ara wọn rí. Sìlífátù fẹ́ pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́, ó sì rí i pé àwọn mẹ́jọ ti kà á.

Ní Àtàláátà, nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá sọ fún un pé àlejò ń béèrè rẹ̀. Ọládiméjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ funfun kan tí eruku òkúta bò, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Sílífá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ohun tí o kọ sórí WhatsApp." Ó na páálí kékeré kan sí i. SSD ni, tuntun, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì tú, wáyà tí wọ́n ń fi so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù wà nínú rẹ̀. "Mo ra méjì, ọ̀kan tó mi. Gba èyí."

"Ọládiméjì, o mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ìwọ náà ń ṣe tìrẹ. Ṣé ìyẹn ní ká má ṣe ara wa lóore ni?"

Sìlífátù wo páálí náà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló wà lára rẹ̀, àwòrán rẹ̀ dán, lẹ́tà rẹ̀ sì hàn dáadáa. Ó rántí pé Bọ̀dá Tàófíìkì ní kí òun mú sùúrù. Ó tún rántí ìró yẹn. Bí háàdì dísíìkì náà bá kú kó tó di Àlàrùbá ńkọ́? Ó gbà á.

Ọládiméjì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò sì tíì wọlé. "Tètè ṣe é o," ó ní. "Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dúró deni."

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni Sìlífátù tan láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, tó sì so SSD náà mọ́ ọn. Ó ní kó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, láti ọdún àkọ́kọ́. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Ìró náà kò tún jẹ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ mọ́. Ó ti di igbe tín-ín-rín kan tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó kó fáìlì ìkẹyìn tán, láptọ́ọ̀pù náà dún ṣáá, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kò tún tàn mọ́.

Sìlífátù yá láptọ́ọ̀pù aládùúgbò kan, ó so SSD náà mọ́ ọn. Gbogbo orúkọ ló pé. Ó ṣí fọ́tò mẹ́ta tó yà lóṣù tó kọjá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn kedere. Ó mí kanlẹ̀, ó ní Alhamdulilahi.

Lọ́jọ́ kejì ló lọ sọ fún Tàófíìkì pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Baba náà kò bá a yọ̀. Ó gba SSD náà, ó yí i wò, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

"Ṣé o ṣí èyí tó pẹ́ jù nínú wọn?"

"Àwọn ti oṣù tó kọjá ni mo ṣí."

Tàófíìkì tẹ fọ́tò ọdún àkọ́kọ́. Àwọ̀ eérú ló bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ òmíràn, eérú. Ó tẹ ogún, ó tẹ ọgbọ̀n. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò sí nínú wọn. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ó fi ṣí ìdérí SSD náà. Káàdì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fóònù, ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́nú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó lè wúwo lọ́wọ́.

"Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni pé kó máa parọ́," Tàófíìkì ní. "Bó bá ti kún, kò ní sọ fún ọ. Yóò máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, yóò sì máa fi orúkọ àtijọ́ hàn ọ́ bí ẹni pé ó ṣì wà."

Sìlífátù jókòó sórí àpótí. Ó mú fóònù, ó pe Ọládiméjì, ó sì tẹ ẹ́ kí Tàófíìkì náà lè gbọ́.

"Háà!" Ọládiméjì ní. "Irú kí lèyí? Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì nìyẹn o. Má bínú, Sílífá." Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Kò wá sí ẹ̀dà mìíràn? Háàdì dísíìkì àtijọ́ yẹn ńkọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Tàófíìkì gbé ìka lé ètè. Sìlífátù wo ìka náà.

"Ó ti kú," ó ní, ó sì pa fóònù.

SSD gidi náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tàófíìkì wo ọ̀rá rẹ̀, ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ó bá mu. Síbẹ̀ kò fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ ìsọkúsọ kún un dẹ́nu ná, kó sì kà á padà látòkèdélẹ̀.

"Bọ̀dá, ọjọ́ ń lọ o," Sìlífátù ní.

"Àná lo kánjú, Tíṣà. Lónìí, jẹ́ ká rọra."

Ó yege. Àárọ̀ Àlàmísì ni Tàófíìkì yọ háàdì dísíìkì àtijọ́ náà jáde, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń kà á ní díẹ̀díẹ̀, tó ń fo ibi tó bá bàjẹ́ kọjá, tó sì ń padà sí i. Ó ní ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ó sì lè kú kí wákàtí kan tó pé. Kò sí ẹnì kankan tó lè búra.

Ní Jímọ́ọ̀, Sìlífátù kò lè jókòó sójú kan. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Olúgbo. Ó rò pé bí òun bá pàdánù ti ìṣáájú, òun á kúkú ya ti òní. Àfi bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó rò pé òun ti ṣìnà.

Gbogbo ilé ló funfun báláú. Àwọn ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, wọ́n ń po sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń rẹ́ ògiri, àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀dà. Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, inú rẹ̀ ń dùn.

"Sìlífátù, káàbọ̀. Wá wo ilé bàbá rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, Ọládiméjì, ló kó wọn wá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa."

"Ìyá mi, ìgbà wo ni wọ́n dé?"

"Àtàláátà."

Ọjọ́ kan náà tó fún òun ní SSD. Sìlífátù wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ. Ògiri tó wà lẹ́bàá ibùsùn, níbi tí ó ti lè ki ọwọ́ bọ̀ lóṣù tó kọjá, ti jọ̀lọ̀. Ó fi ìkúùkù kàn án. Ó dún gbó-ò, bí ìgbà tí èèyàn bá lu kèrègbè tó ṣófo.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Adigbe, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí yìí."

"Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ìgbà tí wọ́n ń bá ara wọn fà á ni fèrè dún. Agogo méjì ti lù. Àwọn tó ń kun ilé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, gbogbo wọn sì rìn jìnnà sí ògiri. Sìlífátù rí èyí, ó fa ìyá rẹ̀ bọ́ sí gbangba. Ilẹ̀ mì. Omi inú korobá gbọ̀n. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí ti yọ lójú sìmẹ́ǹtì tuntun, láti òrùlé títí dé ìdí ibùsùn.

Màmá náà rí i. Ó wò ó títí. "Sìmẹ́ǹtì tútù ló ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní, kò sì wo ojú ọmọ rẹ̀.

Kò gbà láti lọ. Sìlífátù bẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi fẹ́ kúrò, ìyá rẹ̀ sì gbà pé òun á máa sùn ní pálọ̀, òun kò ní wọ yàrá yẹn mọ́. Ìyẹn náà, ẹnu ló fi gbà á.

Ọ̀sán Sátidé ni Tàófíìkì pè é. Háàdì dísíìkì náà ti dákẹ́ pátápátá, kò sì ní dìde mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dákẹ́, ó ti sọ ohun tó lè sọ. Fídíò méjìlá ti lọ. Fọ́tò ilé mẹ́rin ti bàjẹ́. Ilé méjìlá yòókù pé, láti ọjọ́ tí ògiri wọn ṣì gún títí di oṣù tó kọjá. Wọ́n ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò fọkàn tán orúkọ lásán. Nínú ọ̀kan, ìyá Sìlífátù dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Sìlífátù bú sẹ́kún.

Kí Sìlífátù tó kúrò níbẹ̀, Tàófíìkì ti ṣe ẹ̀dà méjì mìíràn. Ó kó ọ̀kan fún un, ó ti èkejì mọ́ inú àpótí tirẹ̀. "Èyí tó dára jù náà á kú lọ́jọ́ kan," ó ní. "Má fi gbogbo ẹyin rẹ sábẹ́ adìyẹ kan mọ́."

Nígbà tí Àlàmísì dé, Ọládiméjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ó wọ agbádá, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fi àwòrán ilé funfun mẹ́rìndínlógún hàn wọ́n. Ó ní kò sí ògiri kan tó là ní Olúgbo, ariwo lásán ni. Ó bojú wẹ̀yìn wo Sìlífátù bí ẹni tó ń káàánú rẹ̀.

Sìlífátù dìde, ó so SSD rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ tàn, àánú yẹn kúrò lójú Ọládiméjì. Ó tẹ orí sórí fóònù rẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́ títí Sìlífátù fi jókòó.

Alága ìgbìmọ̀ náà, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́láwọlé, tó ti ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ fún ogójì ọdún, ní òun kò ní dá ẹjọ́ lórí fọ́tò nìkan. Ó ní kí gbogbo wọn máa lọ sí Olúgbo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Yàrá ìyá Sìlífátù ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó kan ògiri, ó tẹ́tí, ó ní kí wọ́n gbé òòlù wá. Sìmẹ́ǹtì tuntun náà wó lulẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá náà ki gbogbo apá rẹ̀ bọ ibi tó là, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ ìta.

"Ta ló ń sùn níbí?" ó béèrè.

"Èmi ni, sà," ni ìyá Sìlífátù dáhùn. Ibùsùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Kò sùn ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n pàṣẹ kí fífọ́ òkúta dúró, kí àwọn tó wà nínú ilé márùn-ún tí ògiri wọn burú jù sì jáde lójú ẹsẹ̀. Màmá di ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Adigbe. Òjò ńlá rọ̀ ní Sọ́ńdè. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, aládùúgbò kan pè wọ́n láti Olúgbo pé ògiri náà ti wó, pé gbogbo ẹ̀yìn ilé ló bá a lọ.

Àwọn méjèèjì jọ lọ wò ó. Búlọ́ọ̀kù bo ibùsùn náà mọ́lẹ̀, kìkì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló yọ síta. Màmá dúró níwájú rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Sìlífátù, jẹ́ ká máa lọ."

Sìlífátù kò mọ̀ títí dòní bóyá Ọládiméjì mọ ohun tó wà nínú páálí yẹn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, kò sì pè é mọ́. Òun náà kò pè é. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyá òun ń gbé lọ́dọ̀ òun ní Adigbe báyìí, nínú yàrá tó kọjú sí títì. Bí ọkọ̀ agbéyanrìn bá sáré kọjá, tí fèrèsé bá gbọ̀n, arúgbó náà á dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró, á na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ògiri títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́.